Tálákà Inú Ilé Iṣẹ́ àti Ìwọ̀fà Ilé Wa

Ní agbo ilé wa ní Ìwó, màmá kan wà tí ojú wọn ti fọ́, tí wọn kò sì bímọ. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé là ń pè wọ́n. Èmi ni wọ́n máa ń rán láti gbé àmàlà lọ fún wọn lálẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìyá mi nìkan ló ń sè é. Àwọn obìnrin ilé ló pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo kà nípa ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó irú wọn sí láyé Ọbabìnrin Victoria, àwọn ni mo kọ́kọ́ rántí.

Workhouse ni orúkọ ibẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́. Ẹni tó bá ṣèèṣì pè é ní ilé ìṣẹ́ kò jẹ̀bi. Òfin ọdún 1834 ló tàn án ká ilẹ̀ England àti Wales. Àwọn tó ṣòfin náà mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ayé inú rẹ̀ burú ju ti lébìrà tó tòṣì jù lọ níta, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé àyàfi tí gbogbo ọ̀nà bá dí. Bí bàbá, ìyá àti ọmọ bá jọ wọlé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n sí. Àwọn alágbára ń fọ́ òkúta, àwọn mìíràn ń tú okùn ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó. Nílùú Andover, eegun ẹran ni wọ́n ń fọ́ fún ajílẹ̀. Ní 1845, àṣírí tú pé ebi ń pa wọ́n débi pé wọ́n ń jẹ mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun náà. Arúgbó, arọ, afọ́jú àti ọmọ òrukàn, inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà.

Mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá Àgbà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ọkọ mi, tí wọ́n bá kú ńkọ́? Ta ló ń sin wọ́n?”

Mi ò lè dáhùn. Mo padà sídìí ìwé. Òfin kan ti wà láti 1832 tó gbà kí wọ́n kó òkú tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, kí wọ́n là á wò.

Nígbà tí mo sọ èyí, Màmá Àgbà dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí: bàbá wọn ṣe ìwọ̀fà. Bàbá bàbá wọn ló kú, kò sówó ìsìnkú, ẹbí yáwó, wọ́n sì fi ọmọ náà sọ́dọ̀ olówó. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ṣàlàyé ètò náà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n èlé lásán ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó ṣe wù kó pẹ́ tó lóko olówó, gbèsè kò dín ní kọ́bọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni bàbá Màmá Àgbà lò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ta kòkó, tó san owó náà.

Mo ti máa ń fi yangàn nílé ìwé pé ẹbí ni ilé tálákà tiwa. Òótọ́ ni, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò bi ara mi rí pé ta ni ẹbí fi ń san án.

Lọ́dún tó kọjá, Ìyá Ẹ̀yìnkùlé kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Àwọn ọkùnrin ilé gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé wọn, wọ́n sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Màmá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣírò ohun tí gbogbo rẹ̀ ná wa. Kò tó owó ewúrẹ́ kan.