Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lójú Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ní ìsinmi tó kọjá, àwa mẹ́rin yá kẹ̀kẹ́ ológeere mẹ́ta ní Ọ̀wọ̀, a sì gbéra ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, a forí lé Ìpele. Ẹni kẹrin jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a sì ń gbà á fún ara wa lọ́wọ́ bí òkè bá ti le jù. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni bí ọ̀nà náà ṣe dákẹ́. Ẹyẹ là ń gbọ́, àti ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ wa.

Nígbà tí a dé ilé bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí wọn. Dípò kí wọ́n yìn wá, ńṣe ni wọ́n bá wa wí. Wọ́n ní ta ló rán wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ṣé a ò gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú wa lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Raleigh kan tó ti dípẹtà hàn wá. Wọ́n ní nígbà táwọn ń gun ún, ọ̀nà yìí dákẹ́ nígbà náà náà, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ti ìgbà náà yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ìdí ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Ọ̀wọ̀ wà ní etí gúúsù àwọn òkè ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,130. Ọ̀nà Àkúrẹ́, ọ̀nà Kàbà, ọ̀nà Bìní àti ọ̀nà Sìlúkò pàdé níbẹ̀. Bí o bá kọjú sí Ìdóàní, òkè ni. Bí o bá kọjú sí Ìfọ́n, tí í ṣe olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ilẹ̀ á máa rọlẹ̀, á máa tẹ́jú, igbó á sì máa ki sí i. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ ní agbègbè yìí mọ̀ pé ibì kan wà tí ó gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ibì kan sì wà tí kẹ̀kẹ́ á máa sáré fúnra rẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ la àwọn ọ̀nà yìí. Nígbà tí Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Ugbó Làjà ní Ọ̀wọ̀, láàárín ọdún 1969 sí 1971, àwọn ère alámọ̀ tó hú jáde jọ ti Ifẹ̀, àwọn àmì kan lára wọn sì tún jọ ti Bìní. Nǹkan bíi ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kà wọ́n sí. Iṣẹ́ ọnà kì í dá rìn. Ènìyàn ló ń gbé e, ẹni tó ń gbé e sì nílò ọ̀nà. Kí táyà kankan tó kan ilẹ̀ Ọ̀wọ̀, oníṣòwò, oníṣẹ́ ọnà àti ìránṣẹ́ ọba ti ń rìn láàárín Ifẹ̀, Ọ̀wọ̀ àti Bìní.

Orúkọ pàápàá ti wà nílẹ̀ kí nǹkan náà tó dé. Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà, kẹ̀kẹ́, kò bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí à ń gùn. Àwọn ìyá wa ń fi kẹ̀kẹ́ ran òwú. Nígbà tí Bíbélì odindi lédè Yorùbá sì jáde ní 1884, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n pe ohun tí àwọn ọmọ ogun Fáráò gùn lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, kẹ̀kẹ́ ológeere àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tò tẹ̀lé ara wọn. Ohunkóhun tó bá ń yí, kẹ̀kẹ́ ni.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Igbó wa ti bá kẹ̀kẹ́ ológeere da nǹkan pọ̀ kí àwọn ènìyàn wa tó máa gùn ún. Ní 1885, John Kemp Starley ṣe irú kẹ̀kẹ́ tí a mọ̀ lónìí, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó dọ́gba, ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà kiri. Nígbà tó fi máa di 1894, wọ́n ti ń fa oje igi ìrẹ́ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ń kó o lọ sí Èkó fún ọkọ̀ òkun. Wọ́n fà á débi pé ọ̀pọ̀ igi náà kú láàárín ọdún díẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Bìní ní 1897, òwò rọ́bà gbilẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn náà, a lè sọ pé ohun tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ ló ń padà bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n owó ni a fi rà á.

Ta ló ń gùn ún? Àgbẹ̀ kòkó tó bá ríṣẹ́ ṣe dáadáa lọ́dún kan máa ń ra kẹ̀kẹ́. Adẹ́mu ń fi gbé ẹmu wọ ìlú. Àwọn Òṣómàáló, ìyẹn àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí ń tajà àwìn, ń di aṣọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láti abúlé dé abúlé. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olùkọ́. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣe ìfilọ́lẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1951, Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló sì kọ ìwé tí ẹgbẹ́ náà gbé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ kà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ilé ìwé pọ̀ ní abúlé, olùkọ́ sì di ẹni tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ dá mọ̀. Bàbá tí a lọ kí sọ fún wa pé ìró agogo kẹ̀kẹ́ olùkọ́ ló ń lé àwọn wọ kíláàsì.

Ìjọba náà kò gbàgbé kẹ̀kẹ́. Nígbà ayé àwọn òyìnbó, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ san owó láísẹ́ńsì rẹ̀. Bí ẹ bá rò pé ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ṣí Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 sí Àfikún Kẹrin. Ó wà níbẹ̀ títí dòní pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi onítùkọ̀ àti bárò ní láísẹ́ńsì. Lójú òfin, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ṣì jẹ́ ìlú oníkẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀. Owó epo rọ̀bì dé ní 1970 sókè, alùpùpù Honda àti Suzuki sì gba ojú ọ̀nà. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 1980 sókè, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ fi alùpùpù ṣe iṣẹ́ akérò. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún un: ọ̀kadà, láti ara ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí òun náà jẹ́ orúkọ ìlú Òkadà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, nítòsí wa níhìn-ín. Eré ni gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́yìn ilé.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù wá kún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adeusi, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, bí kábíyèsí ti ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wálé. Bí wọ́n bá lè pa ọba nínú mọ́tò lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí ni ẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ yóò sọ? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò lọ sí oko ọ̀nà jíjìn mọ́. Ohun tí bàbá ń sọ nìyẹn. Nígbà tiwọn, ọ̀nà dákẹ́ nítorí pé kò sí ariwo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ènìyàn wà níbẹ̀: àgbẹ̀ ń lọ, adẹ́mu ń bọ̀, ẹni tí táyà rẹ̀ jò á rí ẹni bá a lẹ̀ ẹ́. Ti ìsinsìnyí, ọ̀nà dákẹ́ nítorí pé ènìyàn sá kúrò níbẹ̀.

A ò sọ pé kẹ̀kẹ́ ló máa lé agbébọn lọ o. Iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ẹ̀ṣọ́ nìyẹn. Ohun tí à ń sọ ni pé nígbà tí ènìyàn kò bá rìn ní ọ̀nà mọ́, nǹkan púpọ̀ ń bá a lọ. Èdè wà lára rẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ní Ọ̀wọ̀, ulé ni ilé, Ugbó Làjà kò sì di Igbó Làjà. Bí o bá dé Ìdóàní, wà á tún bá àwọn tí ń sọ Iyayu, èdè tó bá èdè Ẹdó tan. Ẹni tó wà nínú mọ́tò kò lè gbọ́ bí èdè ṣe ń yí padà láti abúlé dé abúlé. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láti tọrọ omi mu ló ń gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá àgbà yín wà ní Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n, Ute, Òkèlúsè tàbí Ìdóàní, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan fún wa: ibo ni wọ́n gun kẹ̀kẹ́ gbà lọ sí oko àti ọjà, ta ni wọ́n sì ń bá pàdé lọ́nà? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, ní ẹ̀ka-èdè wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ní tiwa, mọ́tò la wọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá ló sanwó ọkọ̀, wọ́n sì rí i dájú pé awakọ̀ di kẹ̀kẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ òkè ọkọ̀ dáadáa kí wọ́n tó wọlé.