Oko Baba Ẹlòmíràn

Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ní í máa wí pé kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí kò rìn kò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ohun tí ó wà nílé rẹ̀. Ní àkókò wa yìí, bí a bá pa òwe náà létí ọ̀pọ̀ ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, Lọ́ńdọ̀nù ni ọkàn wọn yóò kọ́kọ́ sáré lọ, níbi tí ẹni tí Ọlọ́run bá kẹ́ ti ń kó aya àti ọmọ lọ lásìkò ìsinmi láti wo ààfin ọba, kí wọn ó sì tún wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wo pápá àti àgùntàn ní ìgbèríko. N kò bá wọn wí. Ọba Gbádébọ̀ Kìíní, Aláké, ọmọ Lísàbí, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1904, ó sì fojú kan Ọba Edward Keje, D. O. Fágúnwà náà lọ sí Ìlú Òyìnbó, ó sì fi ohun tí ó rí níbẹ̀ ṣe ìwé Ìrìnàjò. Ṣùgbọ́n oko ẹlòmíràn tí ó sún mọ́ wa jù lọ, tí olówó àti tálákà lè dé, ni Àgbádárìgì, ní ìdí ọ̀nà tí ó gba iwájú ilé wa kọjá.

Àwọn kan gbà pé títì márosẹ̀ ni ó so wá pọ̀ mọ́ ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀sà ni. Omi tí ó wà lẹ́yìn Ọ̀jọ́, tí àwọn Àwórì, ọmọ Olófin, ti ń tukọ̀ lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ yìí tó gbúròó mọ́tò, ni ó lọ títí dé Àgbádárìgì, tí ó sì tún kọjá síwájú dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Pọtogí sọ ní Porto-Novo. Nítorí náà àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ègùn, kì í ṣe àjèjì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá pàdé. Aládùúgbò wa lórí omi kan náà ni wọ́n, ọjọ́ sì ti pẹ́.

Nínú ìlú náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ parí ní 1845 ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ wò. Wọ́n a máa wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ Jámánì ni Gollmer, àlùfáà ìjọ C.M.S. tí ó ṣe alábòójútó ibẹ̀. Wọ́n a tún wí pé òyìnbó ni Thomas Birch Freeman, tí ó wàásù lábẹ́ igi Agia ní 1842. Ìyá rẹ̀ ni ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Áfíríkà ni baba rẹ̀. Ní ti Àjàyí Crowther, ọ̀pọ̀ ń ti inú ilé náà jáde pẹ̀lú èrò pé inú rẹ̀ ni ó ti túmọ̀ Bíbélì tán. Ó dé Àgbádárìgì ní 1845, ó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí ó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà wọ́n láti ìgbà tí wọ́n kó Òṣogùn, ìlú wọn, ní 1821. Bíbélì Yorùbá kò sì pé lódindi títí di 1884. Èbúté Èkó, Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ni wọ́n sì ti kó òun fúnra rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, kì í ṣe èbúté Àgbádárìgì bí àwọn mìíràn ti ń rò.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí fi ọkàn sí, èyí tí ó wà láàárín ohun tí a tọ́jú fún wíwò àti ohun tí ń bẹ láàyè, yálà àlejò wá tàbí kò wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi de àwọn ẹrú, àti ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n kọ́ ní 1863 tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí, gbogbo wọn jẹ́ ti ipò kìíní: ẹni tí ó kọ́ wọn ti lọ, ohun tí wọ́n wà fún ti tán, wọ́n sì dúró kí a má baà gbàgbé. Apẹja tí ń fa àwọ̀n ní etí òkun, obìnrin tí ń se òróró àgbọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tu ọkọ̀ lọ tu ọkọ̀ bọ̀ láti ìdájí, ti ipò kejì ni àwọn wọ̀nyí. Ìlú ni a ti ń rí ti ìṣáájú jù, ìgbèríko ni a ti ń rí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìlú Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn tí ń lọ wòran sọ èkejì di ojú ọ̀nà lásán sí ti ìṣáájú.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe ní Gberefu, ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì. Bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ yóò wọ ọkọ̀ sọdá ọ̀sà, wọn yóò gba orí iyanrìn láàárín igi àgbọn, wọn yóò dúró díẹ̀ níbi kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, wọn yóò dé etí òkun níbi tí a ń pè ní ibi àlọ-àìpadà, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò sì padà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n la àárín àwọn ènìyàn kọjá, wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Báwo ni ọmọ náà yóò ṣe mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni àwọn tí ó rin ọ̀nà yẹn nínú ẹ̀wọ̀n, tí ó bá jẹ́ pé kò bá alààyè kan sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà kan náà? Ọmọ tí ó bá jókòó ti àgbà kan níbẹ̀ ni yóò bèèrè ìbéèrè tí ó le, pé ta ni ó kó wọn, ta ni ó tà wọ́n, tí àwọn òbí yóò fi ní láti sọ ti ogun tí àwa Yorùbá bá ara wa jà nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ Ilé ń wó lọ. Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ ní kí ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ oko kọjá. Ó ní kí ó dé ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtilọ ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ má ṣe rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi ọjọ́ kìíní wo ìlú, kí ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ sọdá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ kí àwọn àgbà kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun, kí ẹ sì ra àgbọn lọ́wọ́ ẹni tí ó ká a. Kí gbogbo ọmọ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì wọ inú òkun, nítorí omi ibẹ̀ a máa fa ènìyàn lọ.