Ọ̀gá ni Tàbí Òṣìṣẹ́? Ìtàn Ipò Alábòójútó Ṣíìfù ní Ilé Oúnjẹ Kíákíá ní Amẹ́ríkà, 1921–2021

1.0 Ìfáàrà

Àwọn òpìtàn ti kọ ohun púpọ̀ nípa àwọn tí ó dá ilé oúnjẹ kíákíá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sì ti kọ díẹ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ń dín ẹran níbẹ̀. Ẹni tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni a kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀. Òun ni alábòójútó ṣíìfù: ẹni tí a ń fi ilé oúnjẹ lé lọ́wọ́ fún wákàtí bíi mẹ́jọ, tí ó ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń ka owó inú àpótí, tí ó ń ti ilẹ̀kùn ní òru, ṣùgbọ́n tí òun náà ń dúró nídìí ààrò nígbà tí èrò bá pọ̀. Wákàtí ni a sábà fi ń ṣírò owó rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ó ń darí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bébà yìí fẹ́ dáhùn: ṣé ọ̀gá ni ẹni yìí ni, àbí òṣìṣẹ́? Ó lè dàbí àríyànjiyàn lórí orúkọ lásán, ṣùgbọ́n owó ń bẹ nídìí rẹ̀, ẹ̀tọ́ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. A óò kọ́kọ́ wo bí òwò náà ṣe bí ipò yìí. Lẹ́yìn náà ni a óò wo ọwọ́ tí òfin fi mú un. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa púpọ̀, nítorí láti ọdún 1986 tí ilé iṣẹ́ UAC ti dá Mr Bigg's sílẹ̀ ní Èkó ni irú ètò iṣẹ́ báyìí ti wọ ìgboro tiwa náà.

2.0 Ìgbà tí kò tí ì sí alábòójútó

Ní ọdún 1921 ni Walter Anderson àti Billy Ingram dá White Castle sílẹ̀ ní ìlú Wichita, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Sẹ́ǹtì 5 ni wọ́n ń ta hamburger kan. Ilé náà kéré débi pé ènìyàn kan tàbí méjì lè dín ẹran, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n sì nu kàǹtà. Ẹni tí ń dín ẹran ni oníbàárà ń rí, òun náà ni ó sì ń bá sọ̀rọ̀. Níbi tí ènìyàn méjì péré bá ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ fi alábòójútó ṣe, ìbáà jẹ́ pé tọ̀sán-tòru ni ilé náà ń ṣí.

Àwọn tí ó yí ètò yìí padà ni Richard àti Maurice McDonald. Ní ọdún 1940 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ṣí ilé oúnjẹ kan ní San Bernardino, ní ìpínlẹ̀ California, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń gbé oúnjẹ lọ bá èrò nínú ọkọ̀. Ní ọdún 1948, wọ́n ti ilé náà pa fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n lè tún un tò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣí, wọ́n ti dá àwọn agbáwo dúró. Wọ́n ti dín irú oúnjẹ tí wọ́n ń tà kù láti 25 sí 9. Wọ́n ti kó abọ́, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì kúrò, bébà ni wọ́n sì fi dípò wọn. Hamburger wá di sẹ́ǹtì 15, ìdajì iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún wa ni bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́. Ẹni kan ń yan ẹran, ẹni kejì ń dín pòtétò, ẹni kẹta ń po ohun mímu oníwàrà, àwọn mìíràn ń fi èròjà sí búrẹ́dì, wọ́n sì ń dì í. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí a lè pè ní alásè. Ìmọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn, ó ti bọ́ sínú ètò. Ṣùgbọ́n ètò kò lè dá ara rẹ̀ darí. Bí ẹni tí ń yan ẹran bá yára ju ẹni tí ń di búrẹ́dì lọ, oúnjẹ yóò tutù; bí ó bá falẹ̀, èrò yóò tò jáde sí ìta. Ẹnì kan ní láti máa wo gbogbo wọn pọ̀. Ní San Bernardino, àwọn onílé fúnra wọn ni ó ń ṣe èyí.

3.0 Bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe gùn ju ọ̀gá lọ

Ní ọdún 1954 ni Ray Kroc, tí ń ta ẹ̀rọ ìpo-wàrà, wá wo ilé oúnjẹ àwọn McDonald. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1955, ó ṣí ti ara rẹ̀ ní Des Plaines, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ní ọdún 1961 ó ra gbogbo òwò náà lọ́wọ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ní dọ́là mílíọ̀nù 2.7. Bí ilé oúnjẹ ṣe ń pọ̀ sí i, ojú onílé kò lè tó gbogbo ibi mọ́. Ìwé ni wọ́n fi rọ́pò ojú náà. Ní ọdún 1958, Fred Turner kọ ìwé ìlànà iṣẹ́ olójú-ewé 75, tí ó sọ bí a ó ṣe ṣe ohun gbogbo, títí kan pé ẹran mẹ́wàá ni ó gbọ́dọ̀ jáde láti inú pọ́ùn kan. Ní ọdún 1961, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n pè ní Hamburger University sílẹ̀ ní àjà-ilẹ̀ ilé oúnjẹ kan ní Elk Grove Village, ní Illinois.

Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ ìwé náà dunjú lè di ẹni tí a fi ilé lé lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Turner fúnra rẹ̀ ni àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn máa ń tọ́ka sí: ìdí ààrò ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956, ó sì di ààrẹ ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1968.

Lẹ́yìn èyí ni wákàtí títà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Tẹ́lẹ̀ rí, ìgbà tí ọ̀sán bá ń sún mọ́ ni ilé oúnjẹ McDonald's ń ṣílẹ̀kùn. Ní ọdún 1972, Herb Peterson, ẹni tí ó ní ilé oúnjẹ kan ní Santa Barbara, gbé oúnjẹ òwúrọ̀ tí a mọ̀ sí Egg McMuffin jáde. Nígbà tí ó tàn káàkiri, ilé iṣẹ́ náà di ti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ní ọdún 1975, wọ́n lu fèrèsé ìtajà fún ọlọ́kọ̀ ní Sierra Vista, ní Arizona, nítorí àwọn sójà tí a kò gbà láyè láti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn. Fèrèsé yìí mú kí ó rọrùn láti máa tajà títí di òru.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Bí ilé oúnjẹ kan bá ṣí láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di aago mọ́kànlá alẹ́, lójoojúmọ́, wákàtí 119 ni ó ń ṣí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Máníjà tí ó bá fi wákàtí 50 ṣiṣẹ́ kò tí ì ṣọ́ ìdajì rẹ̀. Wákàtí 69 ni ó kù tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fi dúró fún un. Bí a bá gba máníjà mìíràn fún wákàtí wọ̀nyí, èrè yóò dínkù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, tí wọ́n sì fi owó díẹ̀ lé owó wákàtí rẹ̀. Ìdí méjì ni ó pàdé láti bí ipò yìí: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, àti ọjọ́ iṣẹ́ tí ó gùn. White Castle ìjọ́sí ní èkejì, ṣùgbọ́n kò ní èkíní.

Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn. Alábòójútó ni ó ń yẹ bí ẹran ṣe jiná tó wò, tí ó ń fún ènìyàn láyè ìsinmi, tí oníbàárà tí inú ń bí ń bá wíjọ́. Èyí tí ó nira jù ni ti owó iṣẹ́. Bí ọjà bá dákẹ́, tí iye owó iṣẹ́ sì ń pọ̀ ju iye tí ó ń wọlé lọ, òun ni yóò sọ fún ẹnì kan pé kí ó máa lọ sí ilé kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ẹni tí ó ń lé lọ sílé yìí lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlànà wá láti òkè, ẹnu alábòójútó ni a sì ti ń gbọ́ ọ.

4.0 Òfin méjì tí ó ń fà á

Òfin àkọ́kọ́ ni ti ọdún 1938, tí ó fìdí owó iṣẹ́ tí ó kéré jù múlẹ̀, tí ó sì ní kí a san owó wákàtí kan àti ààbọ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé lórí iye tí òfin pa láṣẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Kò kan ilé oúnjẹ nígbà náà. Àtúnṣe ọdún 1966 ni ó mú àwọn ilé oúnjẹ ńlá wọ abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yìí yọ àwọn tí ó bá jẹ́ aláṣẹ sílẹ̀: ẹni tí ń gba owó iṣẹ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ìṣàkóso sì jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ sí owó àfikún.

Òfin kejì ni ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1941 ni àwọn fọ́ọ̀mànù ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Detroit dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1947, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbà pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n lábẹ́ òfin. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ilé aṣòfin fi yí èyí padà. Òfin Taft-Hartley sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lo làákàyè ara rẹ̀ láti gba ènìyàn sí iṣẹ́, láti pín iṣẹ́, láti bá ènìyàn wí tàbí láti darí rẹ̀ nítorí ọ̀gá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò nínú ẹgbẹ́. Mọ́tò ni ó fa òfin yìí, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ náà jogún rẹ̀.

Ní ọdún 1982, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ méjì, ọ̀kan ní Boston, ọ̀kan ní New York, dájọ́ lórí àwọn igbákejì máníjà ní Burger King. Ìjọba sọ pé ohun tí ó lé ní ìdajì àsìkò wọn ni wọ́n fi ń dín ẹran, tí wọ́n sì fi ń gba owó, nítorí náà wọn kì í ṣe aláṣẹ. Àwọn adájọ́ fèsì pé ẹni tí ó wà ní ìkáwọ́ ilé oúnjẹ lè máa ṣàkóso nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tí owó wọn tó dọ́là 250 lọ́sẹ̀ pàdánù owó àfikún. Àwọn tí tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀ ni ó rí i gbà. Igbákejì máníjà ni ẹjọ́ yìí kàn, kì í ṣe alábòójútó tí ń gba owó wákàtí. Síbẹ̀, èrò tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì: pé àṣẹ kì í kúrò lọ́rùn ènìyàn nítorí pé ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

5.0 Ẹjọ́ mẹ́ta lórí agolo kan

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù ni ti Starbucks. Ilé kọfí ni, ṣùgbọ́n ètò ṣíìfù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilé oúnjẹ kíákíá. Àwọn oníbàárà máa ń sọ owó ẹ̀bùn sínú agolo tí ó wà lórí kàǹtà, àwọn òṣìṣẹ́ àti alábòójútó ṣíìfù sì jọ ń pín in. Àwọn òṣìṣẹ́ pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ pé alábòójútó kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ní California, adájọ́ àkọ́kọ́ gbà pẹ̀lú wọn ní ọdún 2008, ó sì ní kí a san dọ́là mílíọ̀nù 86 padà, yàtọ̀ sí èlé. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà pé gbogbo ẹgbẹ́ tí ó jọ ṣiṣẹ́ ni oníbàárà ń fún lówó. Ní ọdún 2012, lábẹ́ òfin Massachusetts, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Boston dájọ́ òdìkejì: òfin ibẹ̀ kò fẹ́ kí ẹni tí ó ní ojúṣe ìṣàkóso kankan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, fi ọwọ́ kan owó náà. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní New York ní alábòójútó ṣíìfù lè pín nínú rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe fún oníbàárà, àṣẹ rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Iṣẹ́ kan ni, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni. Ohun tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ní New York, tí ó jẹ́ ọ̀gá ní Boston, kò ju ènìyàn kan náà lọ. Ó sì yẹ kí a kíyèsí i pé àwọn alábòójútó Massachusetts ń gba owó wákàtí bí òṣìṣẹ́. Ipò ọ̀gá kò fi dọ́là kan kún àpò wọn nínú ẹjọ́ náà. Ó yọ lára rẹ̀ ni.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn baba wa ní a kì í fini joyè àwòdì kí a má lè gbé adìẹ. Alábòójútó ṣíìfù ni ẹni tí a fi joyè bẹ́ẹ̀, tí a sì de èékánná rẹ̀. Ó lè rán ènìyàn lọ sí ilé, ṣùgbọ́n kò lè fi sẹ́ǹtì kan kún owó ẹnikẹ́ni. Ìtàn tí a ti sọ fi hàn pé kì í ṣe àìmọ̀ ni ó jẹ́ kí ipò rẹ̀ rú ojú. Òwò ń jẹ èrè láti ibẹ̀, nítorí ó rí ọ̀gá gbà ní owó òṣìṣẹ́.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé kọfí Starbucks kan ní Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, dìbò láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn alábòójútó ṣíìfù wà lára àwọn tí ó dìbò. Ogójì ọdún ó dín ọ̀kan lẹ́yìn ẹjọ́ Burger King, àwọn alábòójútó wọ̀nyí wà ní apá kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń darí. Ní ti ìbéèrè wa, èrò tiwa ni pé kò yẹ kí a fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ènìyàn mọ̀ bóyá ọ̀gá ni. Ẹni tí ó bá lè pinnu iye tí ẹlòmíràn yóò gbà ni ọ̀gá. Ẹni tí ó kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, òṣìṣẹ́ ni.