Omi Ló Ń Pa Ìkorò Hanza
Bí wọ́n bá ń kọ ìtàn ìyàn 1984 sí 1985 ní Sahel, ọkọ̀ ìrànwọ́ òyìnbó ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ. Hanza ni èmi ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Igi kékeré inú ìgbẹ́ ni, àwọn Haúsá ilẹ̀ Niger mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ń so nígbà tí àká jéró ti ń ṣófo. Kóró rẹ̀ korò, ó sì léwu ní tútù. Àwọn obìnrin a bó o, wọn a rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a máa pààrọ̀ omi rẹ̀ kí wọ́n tó sè é bí ẹ̀wà. (Ẹni tó ti rẹ ẹ̀gẹ́ rí kò ní béèrè ìdí.) Mukheit ni wọ́n ń pè é ní Darfur. Alex de Waal kọ ọ́ ní 1989 pé akitiyan àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn, ju oúnjẹ ìrànwọ́ lọ, ló mú wọn la ìyàn náà já.