Láti Festac dé Ìdíkàn: Ìtàn Ọkàn àti Iyè Tó Ń Rá

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1977 ni FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn adúláwọ̀ àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ó sì di ọjọ́ 12 oṣù kejì kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí àlejò ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ odidi ìlú kan, Festac, sórí ilẹ̀ Àwórì ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sùn nínú àwọn ilé tuntun náà. Jeff Donaldson, ayàwòrán, ló ṣáájú ikọ̀ wọn. Sun Ra kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ wá, Stevie Wonder náà wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kà á sí pé ilé baba ńlá àwọn làwọn padà sí.

Àlejò lọ tán, ilé kù. Ìjọba dìbò pín wọn, bálọ́ọ̀tì ni gbogbo ayé ń pè é nígbà náà, àwọn tí orúkọ wọn jáde sì kó ẹrù wọlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú wọn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 35 ní 1977 ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, bí Ọlọ́run bá dá a sí.

Ọdún 15 lẹ́yìn FESTAC, Yorùbá àti adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ìwé àwọn dókítà ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, àgbà oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ni wọ́n jọ dá iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ ní 1992. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ò lọ́jú pọ̀: bí ìran méjèèjì bá jọ ní orírun, ṣé bákan náà ni Alzheimer, oríṣi àrùn ìgbàgbé kan, ṣe ń mú wọn? Wọ́n mú àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn, wọ́n mú ìlú Indianapolis l'Ámẹ́ríkà, wọ́n sì ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ kan ọpọlọ rárá. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn ni kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Osuntokun àti akẹgbẹ́ rẹ̀, Adesola Ogunniyi, bá yíjú sí àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn kan tí àwọn onímọ̀ méjì, Ajayi àti Igun, ti ṣe ní 1963: ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá tí bàbá tàbí ìyá náà bá rántí, àti bó ti dàgbà tó nígbà yẹn, ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó dán iyè rẹ̀ wò, tí wọ́n á sì bi ẹbí rẹ̀ léèrè bó ṣe ń ṣe nínú ilé. Ìbéèrè ẹbí yìí ṣe pàtàkì, torí ilé Yorùbá kì í tètè gbé àgbà tó ń gbàgbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n á ní Bàbá ti ń ṣarán, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995, ọdún tí Osuntokun fi ayé sílẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ti mú jẹ́ 2.29 n'Ìbàdàn, 8.24 ní Indianapolis. Ti Alzheimer gan-an jẹ́ 1.41 sí 6.24. Àwọn kan lè ní bóyá àwọn tó ní in n'Ìbàdàn ló ń tètè kú, ìyẹn ni wọn ò fi pọ̀. Àwọn oníwádìí bá ń ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní àrùn ìgbàgbé lọ́dọọdún. Ní 2001 wọ́n gbé e jáde: 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis.

Àjogúnbá nìkan ò lè ṣàlàyé ìyẹn. Ẹ̀yà àbùdá kan wà tó ń jẹ́ APOE e4, tó ní í ṣe pẹ̀lú bí ara ṣe ń kó ọ̀rá kiri. Ó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá dáadáa, síbẹ̀ ẹni tó gba ẹyọ kan péré n'Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu bíi ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ibi tí ọ̀nà ti yà gedegbe ni ara: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti sísanra jù, gbogbo wọn ló pọ̀ ní Indianapolis ju Ìdíkàn lọ. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ọkà àti ẹja díẹ̀ ni àgbà Ìdíkàn ń jẹ, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ sọ́jà.

Kí ló wá kan ọkàn? Ọpọlọ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, àmọ́ òun ló ń jẹ nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Ọkàn ló ń tu ẹ̀jẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti sọ iṣan ẹ̀jẹ̀ di líle, tí ṣúgà tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà sì ń ba iṣan ọ̀hún jẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé inú ọpọlọ bó ti yẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀yìn: ní 2016, àwọn oníwádìí kan sọ pé irú purotéènì tó ń dì sínú ọpọlọ aláìsàn Alzheimer, àwọn rí i nínú ọkàn wọn pẹ̀lú, àti pé ọkàn ọ̀hún le, kì í rọ̀ dáadáa láti gba ẹ̀jẹ̀ wọlé.

N'Ìdíkàn fúnra rẹ̀, Ogunniyi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sórí àwọn àgbà wọn, wọ́n sì kéde ní 2011 pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni àrùn ìgbàgbé ń mú jù. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ Ìbàdàn di ọ̀rọ̀ Festac. Àwọn tó jẹ bálọ́ọ̀tì ilé Festac kò gbé ayé Ìdíkàn. Ọ́fíìsì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń gba Mile 2 lọ sí erékùṣù Èkó, pẹ̀lú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó ń jẹ wákàtí. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ò jìnnà sí wọn. Ká sọ tòótọ́, ìgbé ayé wọn súnmọ́ ti àwọn àlejò ọdún 1977 ju ti ìyá wọn nílé lọ, ọjọ́ orí tí Osuntokun àti Hendrie ń wá kiri ni wọ́n sì wà báyìí.