Eré Ọkọ̀ Ojú Irin Kì Í Ṣe Eré Ọmọdé

Nígbà tí a kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wa pé a ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe eré ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní ṣé a máa ń fun fèrè ẹ̀ náà ni. Wọ́n rò pé a kàn ń jókòó síwájú ẹ́ńjìnnì, a ń tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ á sì máa gba inú igbó àti orí afárá kọjá. Ká má parọ́, àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àṣé ibi tí a wọ̀ yẹn, èèyàn kì í tiẹ̀ fojú rí ọkọ̀ kankan.

SimSig ni orúkọ eré náà. Ojú irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe àfarawé, bó ṣe máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń darí ojú irin gidi lọ́hùn-ún. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló kún ojú ẹ̀. Ìlà tó dà bí eérú ni ojú irin tí kò sí nǹkan lórí ẹ̀. Tí a bá ti la ọ̀nà fún ọkọ̀, ìlà yẹn á di funfun. Tí ọkọ̀ bá gun orí ẹ̀, á di pupa. Orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju nọ́ńbà mẹ́ta àti lẹ́tà kan lọ. Èyí tó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ èrò tó ń sáré. 2 ni ọkọ̀ èrò lásán. 5 kò kó èrò kankan. 0 sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń dá lọ. Iṣẹ́ wa ni ká tẹ iná tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ká tún tẹ iná tó ń lọ bá, kí ọ̀nà àárín wọn lè ṣí. Èèyàn púpọ̀ lè jọ pín ibì kan ṣe: ìwọ mú apá ọ̀tún, kí èmi mú apá òsì. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí?

Alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, wọ́n fún wa ní apá kékeré kan. A ya ọkọ̀ ẹrù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ èrò lè kọjá. Ọkọ̀ èrò kọjá. Òmíràn tún kọjá. Inú wa ti ń dùn. Ni fóònù inú eré bá dún: awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù ló ń pè, ó ní òun ṣì wà níwájú iná pupa. A ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá! Ìwàǹwára la fi tú u sílẹ̀, ló bá bọ́ síwájú àwọn ọkọ̀ mìíràn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì bẹ̀rẹ̀ bíi ti Ọ̀jọ́ta ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Bàbá kan tó ń darí apá kejì, tí a kò rí ojú ẹ̀ rí, kò bú wa. Ó kàn béèrè pé kí la fi sàmì pé ọkọ̀ kan wà níbẹ̀. A ní a kò fi nǹkan kan sàmì. Ó ní ká lọ ka ìtàn Quintinshill ká tó padà wá.

A lọ kà á. Látọjọ́ náà la ò ti fi eré yẹn ṣeré mọ́. Ṣùgbọ́n kí ìtàn náà lè yé yín dáadáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn wá.

Ọkọ̀ ojú irin ní wàhálà kan tí mọ́tò kò ní: kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Tí méjì bá pàdé lórí irin kan ṣoṣo, kò sí pé ẹnì kan á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò sì lè tètè dúró, torí ó wúwo, irin lórí irin sì máa ń yọ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọgbọ́n ojú irin fi dá lórí ìbéèrè kan: ta ló ni ojú irin yìí báyìí?

Ní Amẹ́ríkà nígbà àtijọ́, ìwé àkókò àti aago ló ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Ìwé á ní kí ọkọ̀ tó ń lọ dúró sí ibùdó kan títí èyí tó ń bọ̀ á fi kọjá. Tí èyí tó ń bọ̀ bá pẹ́, ẹ ó jókòó síbẹ̀ ni. Ní ọdún 1851, Charles Minot, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ojú irin Erie, wà nínú ọkọ̀ tó dúró báyìí ní ìpínlẹ̀ New York. Ìdúró yẹn sú u. Ó ní kí wọ́n tẹ wáyà sí ibùdó Goshen tó wà níwájú, kí wọ́n béèrè bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ń retí ti kọjá níbẹ̀. Kò tíì kọjá. Ó ní kí wọ́n dá a dúró níbẹ̀ tó bá dé, ó wá pàṣẹ fún awakọ̀ tirẹ̀, Isaac Lewis, pé kó máa lọ. Lewis kọ̀ jálẹ̀. Minot fúnra ẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà lọ. Lewis ní tiẹ̀ lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, níbi tó máa sàn díẹ̀ tí ọkọ̀ méjèèjì bá forí gbárí. Wọ́n dé Goshen láìsí ewu, bí wáyà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà nìyẹn.

Ẹ má bá Lewis wí o. Ẹ̀rù tó bà á yẹn, ó yẹ kó máa ba gbogbo ẹni tó bá ń darí ojú irin.

Ní Ireland, wọ́n ṣì ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ láwọn ibì kan títí di ọdún 1889. Ọkọ̀ kan á lọ, wọ́n á wo aago, wọ́n á tú èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún yẹn, ọkọ̀ kan kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi àti àwọn òbí wọn kúrò ní ìlú Armagh, wọ́n ń lọ gbádùn ara wọn létí omi ní Warrenpoint. Ọkọ̀ náà wúwo ju agbára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lọ, ló bá dúró lórí òkè. Wọ́n ní kí wọ́n gé e sí méjì, kí wọ́n kọ́kọ́ fa apá iwájú lọ. Ṣùgbọ́n irú búrèkì tó ní kì í ṣiṣẹ́ mọ́ tí wọ́n bá ti tú u kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Òkúta ni wọ́n fi ti ẹsẹ̀ ẹ̀. Òkúta kò gbà á. Apá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sísàlẹ̀, ó sì lọ kọlu ọkọ̀ tó ń gòkè bọ̀. Bí 80 èèyàn ló kú, tàgbà tọmọdé.

Kí ọdún yẹn tó parí, ìjọba ti ṣòfin. Búrèkì ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ máa di ara ẹ̀ mú tí ọkọ̀ bá já. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní abala kan lẹ́ẹ̀kan náà, aago ì báà sọ ohun tó bá wù ú. Àwọn ọ̀pá tó ń yí iná àti irin sì gbọ́dọ̀ so kọ́ra, kó má ṣeé ṣe láti la ọ̀nà méjì tó takora. Nínú eré wa, tí a bá fẹ́ la irú ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà á kàn kọ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí wa. Nígbà tí a gbọ́ ìtàn Armagh, a ò bínú mọ́.

Ó wá ku Quintinshill, nítòsí Gretna ní Scotland. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 1915, ọkùnrin méjì ń pín iṣẹ́ ṣe nínú ilé ìdarí kékeré kan níbẹ̀: George Meakin lóru, James Tinsley láàárọ̀. Aago mẹ́fà ló yẹ kí Tinsley gbaṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ti ní àdéhùn abẹ́lẹ̀: tí ọkọ̀ èrò àárọ̀ bá máa dúró ní Quintinshill, ẹni tó ń bọ̀ lè wọ̀ ọ́ wá, kó má fẹsẹ̀ rìn. Ìyẹn á jẹ́ kó pẹ́ ní bí ìdajì wákàtí. Kí ọ̀gá má bàa mọ̀, ẹni tó wà níbi iṣẹ́ á kọ àkọsílẹ̀ sórí bébà, ẹni tó dé á wá dà á kọ sínú ìwé ńlá.

Bó ṣe rí láàárọ̀ yẹn nìyẹn. Ọkọ̀ ẹrù ti kún ibi ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Meakin bá yí ọkọ̀ tí Tinsley wọ̀ wá sórí irin tó ń lọ sí gúúsù, kí ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ láti London lè kọjá. Tinsley wọlé, ó jókòó, ó ń da àkọsílẹ̀ kọ. Ẹnikẹ́ni kò fi òrùka irin sórí ọ̀pá iná láti rán ara wọn létí pé ọkọ̀ kan wà lórí irin. Òṣìṣẹ́ kan wá láti inú ọkọ̀ yẹn, bí òfin ṣe ní kó ṣe, ó fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n kò wò ó bóyá òrùka wà níbẹ̀. Nígbà tí ibùdó kejì béèrè bóyá ọ̀nà ṣófo fún ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun, Tinsley ní kó máa bọ̀. Ọkọ̀ tó gbé òun fúnra ẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ ló gbàgbé. Ẹ lè rí i láti ojú fèrèsé.

Ọkọ̀ ológun kọlù ú. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, èyí tó ń bọ̀ láti London náà já lù wọ́n. Kóòṣì onípákó ni àwọn ọmọ ogun wà, gáàsì ni wọ́n fi ń tan iná inú ẹ̀, ó sì gbiná. Èèyàn tó kú lé ní 200, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ogun Royal Scots tó ń lọ sójú ogun. Wọ́n fi Tinsley àti Meakin sẹ́wọ̀n.

A ka ìtàn yẹn tán, a dákẹ́. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n kàn sọ ara wọn di ẹni tó mọ iṣẹ́ débi tí wọn kò fi nílò àmì mọ́.

Báwo wá ni iṣẹ́ tó le tó báyìí ṣe di eré? Láàárín ọdún 1940 sí 1950, Frank Ellison ní New Orleans ní ojú irin kékeré kan nílé ẹ̀, Delta Lines ló pè é. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kàn ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí po ni. Ellison, tó ti bá àwọn eléré orí ìtàgé ṣiṣẹ́ rí, ní ojú irin náà jẹ́ eré ìtàgé: ọkọ̀ ni òṣèré, ìwé àkókò ló ń sọ ìgbà tí kálukú máa wọlé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, àwọn èèyàn sì gbọ́. Ní ọdún 1946, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ MIT dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Tech Model Railroad Club. Àwọn kan ń kun ilé àti òkè. Àwọn yòókù wà lábẹ́ tábìlì, wọ́n ń fi irinṣẹ́ tẹlifóònù so iná àti irin pọ̀. Àwọn ará abẹ́ tábìlì yìí ló di ará ìdí kọ̀ǹpútà nígbà tó dé ilé-ẹ̀kọ́ wọn, díẹ̀ lára wọn sì wà lára àwọn tó ṣe Spacewar! ní ọdún 1962, ọ̀kan nínú eré kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá gẹ́ẹ̀mù lórí fóònù, ojú irin wà nínú ìran gẹ́ẹ̀mù yín o.

Lẹ́yìn ìyẹn, Densha de Go! dé ní Japan ní ọdún 1996, Microsoft Train Simulator sì dé ní ọdún 2001. Àwọn yẹn, ìwọ nìkan ni awakọ̀. Èyí tó wù wá ni èyí tí ẹ máa jọ ṣe, bíi SimSig, tàbí Run8 ti Amẹ́ríkà, níbi tí ẹnì kan á ti máa wakọ̀, tí ẹlòmíràn á sì máa fi ohùn pàṣẹ fún un bíi ti orí rédíò.

Wọ́n máa ń bi wá pé èrè wo ló wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ń sanwó ni. Kò sówó. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń ti àwọn ilé ìdarí àtijọ́ pa, tí wọ́n ju 800 lọ, wọ́n ń kó iṣẹ́ wọn lọ sí ibùdó ńlá díẹ̀. Ọgbọ́n ọwọ́ àwọn tó jókòó níbẹ̀ lè bá wọn lọ. Inú eré báyìí lara ẹ̀ sá pamọ́ sí. Nílé ńkọ́? Ọ̀nà rélùwéè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, irin kan ṣoṣo ni. Ẹnì kan ní láti máa pinnu ọkọ̀ tó máa dúró àti èyí tó máa kọjá. Ti ọdún 2021, kìlómítà 157, irin méjì ni. Ẹni tí bàbá ẹ̀ àgbà bá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè àtijọ́, ẹ lọ kí bàbá, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá kọ sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa lè fi ṣe eré.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ níbi tí a wà. A sáré fi fóònù ránṣẹ́, bàbá ọjọ́sí yẹn sì bá wa gba apá tiwa mú. Nígbà tí iná dé, a ní ká máa ṣiṣẹ́ lọ. Bàbá ní rárá. Wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo ọkọ̀ tó dúró fún wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó mẹ́nu ba èyí tó ń lọ. A kọ ọ́ sórí bébà, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kọ̀ǹpútà, a tún un kà fún wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ní, ó dáa, ẹ gbà á.