Ìmọ̀ Kì í Gbé Inú Àpótí: Ìtàn Ìṣàkóso Ìmọ̀ ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Ohun kan wà nínú òwe yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Kí àrọ́bá tó lè dé etí ọmọdé, ẹnìkan ní láti wà tí yóò rò ó, ibì kan ní láti wà tí wọn yóò ti rò ó, àkókò sì gbọ́dọ̀ wà tí ó tọ́ láti rò ó. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, àrọ́bá kò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọdé mọ́. Ètò tí àwùjọ kan ṣe kí mẹ́ta náà má baà yẹ̀ ni àwọn onímọ̀ òde òní ń pè ní ìṣàkóso ìmọ̀.

Èrò tó gbilẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣàkóso ìmọ̀ bá kọ̀ǹpútà wọlé ni, àti pé iléeṣẹ́ ńláńlá ni ó wà fún. Iṣẹ́ yìí gbé èrò náà yẹ̀wò nípasẹ̀ ìtàn Ọ̀wọ̀ àti àwọn ìlú tó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun tí ìtàn agbègbè náà fi hàn ni pé ìmọ̀ kì í pẹ́ nínú ohun tí a kó pamọ́ bí kò bá sí àwọn ènìyàn tí ipò wọn mú un ní dandan fún wọn láti máa lò ó, kí wọ́n sì máa fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èrò tuntun àti orísun rẹ̀

Ní ọdún 1966, Michael Polanyi ṣe àlàyé nínú ìwé rẹ̀, The Tacit Dimension, pé apá kan wà nínú ìmọ̀ ènìyàn tí ẹnu kò lè ròyìn tán. Ní ọdún 1995, àwọn ọ̀mọ̀wé ọmọ Japan méjì, Ikujiro Nonaka àti Hirotaka Takeuchi, mú èrò yìí wọ inú iléeṣẹ́. Wọ́n pín ìmọ̀ sí oríṣi méjì: èyí tó ṣe é kọ sílẹ̀ àti èyí tó wà nínú ọwọ́, ojú àti ìrírí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Lójú wọn, iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ dàgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí méjèèjì máa yí sí ara wọn láìdáwọ́ dúró.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìwé yẹn ni Jean Lave àti Etienne Wenger ti gbé ìwé tiwọn jáde lórí bí ènìyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ nípa dídi ara àwùjọ tó ń ṣe é. Ó yẹ kí onímọ̀ Yorùbá fi ojú sí ibi tí wọ́n ti rí díẹ̀ nínú ẹ̀rí wọn: ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ ẹ̀yà Vai àti Gola ní orílẹ̀-èdè Liberia, níbi tí Lave ti ṣe ìwádìí. Ó rí i pé ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀ kì í jókòó gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí aṣọ, bíi rírán bọ́tìnnì mọ́ ọn, kí ó tó dé orí gígé e. Èyí já sí pé ọ̀kan nínú àwọn èrò tí àwọn iléeṣẹ́ ayé ń pè ní tuntun ní gbòǹgbò nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Kò yẹ kó yani lẹ́nu, nígbà náà, bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá ti pẹ́ ní Ọ̀wọ̀.

Igógo: ìmọ̀ tí ìlú pín mọ́wọ́

Ọdún Igógo ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é, ní oṣù Kẹsàn-án, ní ìrántí Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn, ẹni tí ìtàn ẹnu gbé ìjọba rẹ̀ sí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ìtàn náà sọ pé Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n ní èèwọ̀ mẹ́ta: wọn kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ju ìdì igi ìdáná sílẹ̀ lójú rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá. Àwọn orogún rẹ̀ mọ èèwọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá wọn nígbà tí ọkọ kò sí nílé. Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n sá lọ, kò sì padà mọ́.

Ìtàn ìmọ̀ ni ìtàn yìí náà. Ohun tó ba ilé jẹ́ kì í ṣe àìmọ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ilé ni àwọn kan sọ di ohun ìjà. Ètò ọdún náà sì dà bí èsì ìlú sí ọ̀ràn yẹn, nítorí pé gbogbo ará ìlú ló ní èèwọ̀ tí wọ́n ń pa mọ́ lákòókò rẹ̀. Ìlù kò gbọdọ̀ dún; agogo ni wọ́n ń lù dípò rẹ̀. Fìlà àti gèlè di èèwọ̀. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á di irun bí obìnrin, á sì wọ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn.

Bí wọ́n ṣe pín ìmọ̀ ọdún yìí ló ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Àwọn olóyè Ilọ́rọ̀ ní ipa tiwọn, Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ará ààfin ní tiwọn, àwọn obìnrin ní tiwọn. Ipò kọ̀ọ̀kan mọ èyí tó kàn án, ipò kan kò sì lè ṣe ọdún náà láìsí èkejì. Bí olóyè kan bá wàjà, ipò rẹ̀ kò wàjà. Ẹni tó bá jẹ oyè náà ti jogún iṣẹ́ tó mú un ní dandan fún un láti kọ́ ohun tí kò tíì mọ̀. Ọdọọdún ni ìlú sì ń yẹ ìmọ̀ náà wò ní gbangba, nítorí pé ẹni tó bá ṣì í ṣe, ojú gbogbo ayé ló ti ṣì í.

Ẹgbẹ́ ọjọ́-orí àti ìfẹ̀yìntì

Ẹ̀rí kejì wà nínú ètò ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, Àkókó àti àwọn ìlú kan ní Ọ̀sẹ́, bíi Ìdóàní. Àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà á jọ gòkè láti ipò dé ipò, iṣẹ́ ìlú sì yàtọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní òpin rẹ̀ ni ayẹyẹ Ẹ̀rọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ìfẹ̀yìntì fún àwọn àgbà tó ti sin ìlú tẹ́rùn. Àgbà tó bá ṣe Ẹ̀rọ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ agbára, ṣùgbọ́n kò bọ́ lọ́wọ́ ìmọ̀ràn. Nígbà tó bá fi máa kúrò ní ìpele kan, àwọn tó tẹ̀ lé e ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ètò iṣẹ́ ọba òde òní kò kéré. Òfin iṣẹ́ ọba Nàìjíríà sọ pé kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì bí ó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 35, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ohun tó sábà máa ń kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ àti fáìlì. Fáìlì lè sọ iye tí wọ́n ná lórí ọ̀nà oko kan. Kò lè sọ bí wọ́n ṣe pẹ̀tù sí aáwọ̀ àwọn olóko kí ọ̀nà náà tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ayẹyẹ ìdágbére wà fún òṣìṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ìmọ̀ rẹ̀ kò ní Ẹ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ fi hàn àti ohun tí kò fi hàn

Láàárín ọdún 1969 sí 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ Igbó Ọlájà ní Ọ̀wọ̀, ibi tí ìtàn ẹnu so mọ́ Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n. Ó rí àwọn ère amọ̀ sísun tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Orí ènìyàn wà níbẹ̀, ère ohun ìrúbọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ère àmọ̀tẹ́kùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn onímọ̀ rí àmì ọnà Ifẹ̀ àti ti Bìní nínú wọn.

Àrọ́bá ló ti kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibi ọ̀wọ̀; àwọn tó ń pa ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹ̀n mọ́ kò gbàgbé igbó náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ ìdí tí wọ́n fi mọ ère àmọ̀tẹ́kùn yẹn, tàbí orin tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, kò sí mọ́. Ibi tí ìṣe kò ti já, ìmọ̀ wà láàyè. Ibi tí ìṣe ti já, ère nìkan ló kù.

Mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, ń pa irú àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bẹ́ẹ̀ mọ́ kí wọ́n má baà sọnù, iṣẹ́ tó sì tọ́ ni. Àmọ́ Rowland Abiodun, ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2014, Yoruba Art and Language, pé kò sí bí a ṣe lè lóye iṣẹ́ ọnà Yorùbá láìsí oríkì àti èdè tó bá a rìn. Ère tó wà nínú àpótí gíláàsì láìsí oríkì rẹ̀ dà bí fáìlì tí ẹni tó kọ ọ́ ti fẹ̀yìn tì.

Ìtàn Justus Akeredolu kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kan náà láti ìhà mìíràn. Oníṣọ̀nà ọmọ Ọ̀wọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ fífi ẹ̀gún igi gbẹ́ ère kéékèèké ní àwọn ọdún 1930. Iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀ nítorí pé àwọn mìíràn kọ́ ọ, tí àwọn náà sì tún fi kọ́ ẹlòmíràn. Ènìyàn lè rí ère ẹ̀gún ní mùsíọ́mù; bí ọ̀bẹ yóò ṣe gba ara ẹ̀gún tín-ín-rín láìfọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Èdè gẹ́gẹ́ bí ilé ìmọ̀

Ní Ìdóàní, ọ̀ràn náà tún jinlẹ̀ sí i. Àdúgbò kan wà nínú ìlú náà tí wọ́n ti ń sọ Ìyàyù, èdè kékeré kan tó bá èdè Ẹ̀dó tan. Orúkọ ewé, orúkọ oyè àti ọ̀rọ̀ ètùtù wà nínú irú èdè bẹ́ẹ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Bí àwọn ọmọ kò bá sọ ọ́ mọ́, ẹgbẹ́ lè wà, oyè lè wà, kí ohun tí wọ́n fẹ́ fi léni lọ́wọ́ sì ti sọnù. Gbígba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò lè ju ère inú àpótí lọ bí kò bá sí ọmọ tó ń fi èdè náà béèrè oúnjẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Kò yẹ kí wọ́n ka ìtàn yìí sí ìyìn àtijọ́ lásán. Ètò àtijọ́ náà ní àbùkù: ó fi ìmọ̀ kan pamọ́ fún ìdílé díẹ̀, ìmọ̀ tó bá sì wà lọ́wọ́ ìdílé kan ṣoṣo máa ń bá ìdílé náà kú. Ìwé àti mùsíọ́mù ń dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ fi hàn pé wọn kò lè gba ipò àwọn ènìyàn tó ń ṣe ohun tí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ilé ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní agbègbè náà kò ná wọn ní owó kọ̀ǹpútà. Kí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ ti bá ẹni tí yóò fi í sílẹ̀ ṣiṣẹ́ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ọjọ́ ìdágbére. Kí àkókò kan wà lọ́dún tí wọn yóò yẹ ohun tí wọ́n mọ̀ wò níwájú ara wọn, bí ìlú ṣe ń yẹ ara rẹ̀ wò nígbà Igógo. Agogo tó ń dún dípò ìlù ní Ọ̀wọ̀ kò sí nínú ìwé ìlànà kankan nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì ń dún lónìí nítorí pé ní ọdọọdún, iṣẹ́ ẹnìkan ni láti lù ú.